Labalábá Inú Ọyẹ́: Ta Ló Rán An Wá Sílé Wa?

Bí mo ti ń kọ èyí ní Àjọwá-Àkókó, ọyẹ́ ti bo àwọn òkè tó yí wa ká débi pé ẹni tó bá dúró lójúde mi kò rí àpáta tí a ń rí lójoojúmọ́ mọ́. Ní òwúrọ̀, omi inú àmù a máa dun eyín. Bó bá di ọ̀sán, aṣọ tí a sá sórí okùn á ti gbẹ kí a tó jẹun tán. Afẹ́fẹ́ yìí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ gbalasa kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Chad, gbéra. Lójoojúmọ́ ni mo ń nu tábìlì mi, lójoojúmọ́ ni mo sì lè fi ìka kọ orúkọ mi sí i lára.

Ọ̀rọ̀ labalábá ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe labalábá orí òdòdó tí àwọn ọmọdé ń lé kiri nígbà òjò. Èyí tó ń wọlé bá wa nígbà òtútù ni mo ní lọ́kàn, èyí tí a máa ń jí bá lára ògiri tàbí lára aṣọ fèrèsé, tí a kò mọ ọ̀nà tó gbà wọlé. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Labalábá kan ṣoṣo ló mú kí n yan ìyá àgbàlagbà kan lódì fún nǹkan bí ọdún méjì.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin mi àgbà pè mí láti Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A máa ń rí ojú ara wa lórí fóònù báyìí, nítorí ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò gbà kí a sọ̀rọ̀ láìrí ojú. Ọmọ náà ló gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí aṣọ fèrèsé. Labalábá kan wà níbẹ̀. Ó pọ́n bí epo pupa tí oòrùn ràn sí. Àmì dúdú àti àmì òféèfèé wà lára apá rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró wẹ́wẹ́ sì to etí apá náà yípo. Lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé yẹn, ìrì dídì ti funfun sórí ọkọ̀ àwọn aládùúgbò wọn.

“Màmá Àgbà, labalábá wá kí wa!” Inú ọmọ náà dùn kọjá ààlà.

Inú ìyá rẹ̀ kò dùn. Ó rán ọmọ náà lọ gbé omi wá, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Màmá, nínú òtútù báyìí? Fèrèsé wa kò ṣí láti oṣù kọkànlá. Ta ló rán an?”

Ta ló rán an. Mo mọ ẹni tó kọ́ ọmọ mi ní ìbéèrè yẹn. Èmi ni.

Òru kan nínú ọyẹ́ ọdún 1993

Ní oṣù kìíní ọdún 1993, ọmọbìnrin mi yìí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Ọmọ Ìkárẹ́ ni mí, ìyàwó ni mo jẹ́ ní Àjọwá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀: àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó kò ti ibì kan náà wá, wọ́n jọ wá ni. Kálukú gbé èdè tirẹ̀ dání wá. Nítorí náà, bí àwọn àgbà ilé ọkọ mi bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè àdúgbò wọn, nǹkan díẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀ nígbà náà.

Ibà mú ọmọ mi. Ikọ́ tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹta, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ti ẹni tó sáré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò bàbá ọkọ mi, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, gbé àgbo wá nínú abọ́ tí wọ́n dé. Wọ́n ró ìró àdìrẹ kan tó ti ṣá, tó dà bí ewé gbígbẹ. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọmọ náà láyà, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn tí kò yé mi, wọ́n sì lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni labalábá kan gba àlàfo òkè ilẹ̀kùn wọlé. Ó tóbi, ó sì ń fò ségesège. Ó yí àtùpà ká, ó wá bà lé ara ògiri lókè orí ọmọ mi, ó pa apá rẹ̀ dé. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ni. Àwọ̀ ìró Ìyá Àgbà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọ́ ọmọ aláìsàn lóru rí mọ bí ọkàn ti ń rí. Ní àkókò yẹn, ọkàn kì í wá ìdí, ẹni ló ń wá. A sì ní òwe kan tó máa ń tètè wá síni lẹ́nu: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọmọ mi kò kú, ṣùgbọ́n mo ti dá ẹjọ́ náà tán. Mo mú ìgbálẹ̀, mo lu labalábá náà pa. Mo gbá a síta, mo da kẹrosíìnì sí i, mo sì ṣáná sí i. Mo da àgbo náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkárẹ́. Òtútù àyà ni wọ́n pè é. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àti oògùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń béèrè oúnjẹ. Dókítà bi mí bóyá igi ni mo fi ń dáná, àti bóyá ọmọ máa ń wà nítòsí èéfín. Ó ṣàlàyé pé èéfín àti eruku ọyẹ́ kì í bá ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ṣọ̀rẹ́. Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nínú ọkàn mi, mo ti mọ ẹni tó ṣe é.

N kò bá Ìyá Àgbà jà. Ì bá sàn bí mo bá wọn jà, nítorí ìjà a máa ní ìparí. Mo ń kúnlẹ̀ kí wọn bó ti yẹ, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mi. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé wá, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá yọ lójúde, mo máa ń rántí pé mo ní iṣẹ́ kan láti ṣe lẹ́yìnkùlé. Bí ọmọ mi sì ti ń gbọ́rọ̀ sí i, mo ń kọ́ ọ: má gba nǹkan lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, bí o bá rí labalábá nínú ilé, wá pè mí, kí a lè mọ ẹni tó rán an.

Àgbà tó dákẹ́ kì í ṣe pé kò rí. Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú ará ilé kan, Ìyá Àgbà dúró dè mí lójú ọ̀nà.

“Ìyàwó, kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Ìyá.”

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ.

“Tíṣà, àwọn ewé ń fò!”

Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ gba ìsinmi Kérésìmesì, mo rán ọmọ kíláàsì mi kan lọ da ìdọ̀tí nù lẹ́yìn ilé. Igi ọsàn wà níbẹ̀, èso rẹ̀ ti já sílẹ̀, ó sì ti ń jẹrà láàárín ewé gbígbẹ. Ọmọ náà sáré padà wá. “Tíṣà, ẹ wá wò ó, àwọn ewé ń fò!”

Mo bá a lọ. Bí mo ti gbẹ́sẹ̀ wọ abẹ́ igi náà ni ewé gbéra nílẹ̀ níwájú mi, wọ́n fò lọ díẹ̀, wọ́n tún bà, n kò sì dá wọn mọ̀ mọ́ láàárín ewé tòótọ́. Mo tún gbẹ́sẹ̀, òmíràn tún gbéra. Mo ka mọ́kànlá kí n tó ṣìkà. Omi ọsàn jíjẹrà ni wọ́n ń fà mu. Mo dá wọn mọ̀ dáadáa. Irú èyí tí mo lù pa lókè orí ọmọ mi ni.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń ṣírò, bí tíṣà ti máa ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ló ń rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ta ló wá rán mọ́kànlá sí ẹ̀yìn kíláàsì mi? Iṣẹ́ ibi wo ni wọ́n fẹ́ fi ọsàn jíjẹrà ṣe?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá Ìyá Àgbà. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: labalábá, ìgbálẹ̀, àgbo tí mo dànù, oúnjẹ tí mo fún ewúrẹ́. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ọwọ́ wọn kò sì kúrò lára ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo sọ tán, wọ́n ní:

“Dìde, ìyàwó. Èmi náà ti pa irú rẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Orogún ìyá ọkọ mi ni mo gbé e kọ́ lọ́rùn. Ó kú kí n tó lè sọ fún un.”

Wọ́n ti àtẹ ẹ̀gúsí sún mọ́ mi. A jọ ń bó o títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n tún lò láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọmọ mi ló sì máa ń gbé oúnjẹ alẹ́ wọn lọ fún wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. N kò rántí padà lọ hú ohun tí mo ti gbìn sínú ọmọ náà kí ó tó pé ọdún mẹ́rin.

Ta wá ni àlejò yìí?

Ohun tí mo mọ̀ lónìí, ì bá dára kí n ti mọ̀ ọ́n ní 1993. Àwọn onímọ̀ ń pe labalábá aláwọ̀ ewé gbígbẹ yìí ní Melanitis leda. Kì í ṣe ti Àkókó nìkan: ó wà káàkiri Áfíríkà, ó wà ní Íńdíà, ó sì dé Ọsirélíà. Nígbà tó wà ní ìdin, ewé koríko ló ń jẹ, ó sì ń jẹ ewé ìrẹsì náà. Bó bá di labalábá, kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn lọ́sàn-án. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ ló máa ń jáde. Òdòdó kò jọ ọ́ lójú tó èso tó ti kan. Àwọn olùwádìí tó ń wá irú labalábá bẹ́ẹ̀ nínú igbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà ni wọ́n fi ń dẹ wọ́n.

Ẹ̀wù méjì ni labalábá yìí ní. Àwọn tó bá jáde nígbà òjò máa ń ní àmì roboto bí ojú lábẹ́ apá. Bí ẹyẹ tàbí aláǹgbá bá fẹ́ gbé e, ó lè ṣìnà bu etí apá tí àmì náà wà, orí á sì yọ. Nígbà ẹ̀rùn, tí igbó ti gbẹ, ohun tó lè gbà á là ni kí ẹnikẹ́ni má rí i rárá. Nítorí náà, àmì ojú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, gbogbo abẹ́ apá á sì di ewé gbígbẹ, àti iṣan ewé pẹ̀lú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Brakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìbátan rẹ̀ kan, Bicyclus anynana. Wọ́n rí i pé bí ooru tàbí òtútù bá ti pọ̀ tó nígbà tó ṣì jẹ́ ìdin ló ń pinnu ẹ̀wù tí yóò wọ̀. Àwọn tó bá wọ ẹ̀wù ẹ̀rùn kì í kánjú yé ẹyin, wọ́n a dúró de òjò, nítorí pé koríko tútù tí ọmọ wọn yóò jẹ kò tíì hù.

Kí ló wá ń mú un wọlé wa? Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta ní àkókò yìí. Koríko ti gbẹ. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ti ń tiná bọ igbó. Odò kéékèèké ti fà. Ilé wa wá di ibi tí òjìji wà, tí omi wà nínú àmù, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n sí nínú agbọ̀n. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí a tan iná, ìmọ́lẹ̀ á tún máa fà á. A mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ àti kòkòrò òru tipẹ́, òun la fi ń pòwe pé àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ní òru ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, àtùpà mi ni iná kan ṣoṣo tó ṣì ń tàn ní agboolé wa, nítorí èmi nìkan ni n kò sùn.

Bí ẹ bá tún bi mí pé ta ló rán an, máa ní ojú ọjọ́ ni. Ojú ọjọ́ ló rán an níṣẹ́, òun náà ló rán ẹ̀wù fún un.

Ti ilẹ̀ òtútù ńkọ́?

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi lórí fóònù. Ó ní, “Màmá, ti Àjọwá yé mi. Èyí tó wà lára kọ́tíìnì mi ńkọ́?” Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiyín rèé.

Labalábá tó wà nílé ọmọ mi ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní small tortoiseshell, Aglais urticae. Nígbà tó wà ní ìdin, ewé kan tó ń jó ni lára bí èsìsì tiwa ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn labalábá ilẹ̀ wọn kì í la òtútù já ní labalábá. Bí ẹyin, bí ìdin, tàbí nínú ilé líle tí ìdin fi wé ara rẹ̀, ni wọ́n ń gbà lò ó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fi ara labalábá gan-an sun oorun òtútù. Èyí wà lára wọn, ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní peacock náà sì wà níbẹ̀. Wọn kì í dúró kí òtútù dé kí wọ́n tó wá ilé. Láti nǹkan bí oṣù kẹjọ, nígbà tí fèrèsé gbogbo ṣì ṣí sílẹ̀, ni wọ́n ti ń yọ́ wọlé, tí wọ́n ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ àjà tàbí sínú ìṣẹ́po aṣọ fèrèsé, tí wọ́n sì ń sùn.

Nítorí náà, labalábá ọmọ mi kò gba inú ìrì dídì wọlé. Ó ti ń bá wọn gbé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò rí i ni. Nígbà tí òtútù wá le, tí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ooru náà tàn án jẹ. Ó rò pé oṣù kẹta ti dé, ó sì jí. Ewu ńlá ló sì wà nínú jíjí yẹn. Ọ̀rá tó kó sára ni oúnjẹ rẹ̀ títí òtútù yóò fi lọ. Bó bá ń fò kiri inú yàrá, yóò jẹ ẹ́ tán kí òdòdó tó yọ. Bí ènìyàn bá sì tì í síta lójijì, òtútù lè pa á.

Ọmọ-ọmọ mi ti gbé omi dé, ó ti ń gbọ́ wa. Ó béèrè ibi tí àwọn labalábá tí kò rí ilé wọ̀ máa ń lọ. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló dùn mọ́ mi jù láti sọ. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní painted lady, Vanessa cardui, tí kò lè fara da òtútù ilẹ̀ wọn rárá. Bí òtútù bá ń bọ̀, apá gúúsù ló ń kọjú sí. Àwọn olùwádìí ti fi hàn pé wọ́n ń kọjá Òkun Mẹditaréníà, wọ́n ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n sì ń wá yé ẹyin níhà ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ló ń padà sí òkè nígbà tó bá yá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gerard Talavera rí díẹ̀ nínú wọn ní etí òkun French Guiana ní Gúúsù Amẹ́ríkà, apá wọn ti ya, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 2024, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí wọn jáde: láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn labalábá náà ti gbéra, wọ́n sì ti fò ju 4,000 kìlómítà lọ lórí Òkun Àtìláńtíìkì. Lára ẹ̀rí tí wọ́n rí ni ìyẹ̀fun òdòdó igi ilẹ̀ Áfíríkà tó ṣì lẹ̀ mọ́ ara wọn.

“Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń wá, Màmá Àgbà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìhà ọ̀dọ̀ wa ni.

Bí a ti ń ṣe é

Bí labalábá bá wọlé yín nínú ọyẹ́ nílé níbí, ẹ pa iná yàrá, ẹ ṣí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tan iná níta. Á wá ìmọ́lẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ fi ife dé e mọ́ ara ògiri, ẹ ti pépà líle sábẹ́ ife náà, kí ẹ sì gbé e síta. Ẹ má fi ìka mú apá rẹ̀. Ní kékeré, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé ìyẹ̀fun ara rẹ̀ ń fọ́ni lójú. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó bo apá rẹ̀ ni ìyẹ̀fun náà. Kì í fọ́ni lójú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kó èso jíjẹrà jìnnà sílé, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé; yóò bá yín dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀fọn, tó ń fa ibà.

Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ òtútù, ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ Butterfly Conservation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ń fúnni rèé: ẹ rọra kó o sínú páálí, ẹ gbé páálí náà síbi tó tutù fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé onípákó ẹ̀yìnkùlé tàbí ilé ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amóoru, níbi tí òjò kò ti pa á, tí yóò sì rí àlàfo gbà jáde nígbà tí òtútù bá lọ.

Ọ̀kan tó ṣe pàtàkì jù ni èyí. Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, tí àyà rẹ̀ ń wọnú, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, ẹ má dúró wo ògiri bí mo ti ṣe. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, lóru ọjọ́ náà gan-an bó bá ṣeé ṣe. Òru tí mo fi lé labalábá yẹn, ọmọ mi ni ì bá fi ẹ̀mí rẹ̀ san án.

Kí ẹ sì ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ létí ọmọdé nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà yín. Ìyá Àgbà dárí jì mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lórí àtẹ ẹ̀gúsí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sétí ọmọ mi bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó dé Manchester, ó sì ń dúró de ọmọ-ọmọ mi níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ mi fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Páálí bàtà ni wọ́n fi gbé labalábá náà lọ sí ilé onípákó ẹ̀yìnkùlé wọn. Ó ti bà lé ara pákó, ó ti pa apá dé. Wọ́n ní bó ti pa apá yẹn dé ló di dúdú bí èèpo igi. Lábẹ́ àwòrán náà, ọmọ mi kọ ọ́ pé: “Màmá, ó ti sùn. Ó bi mí pé ta ló rán an wá. Mo ní òtútù ni.”

Ẹ jẹ́ ká tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọyẹ́ má ṣe mú wa lọ o. Ire.